Ọkọ Jámánì Tí A Tọ́jú Dáadáa

Èmi ni káfíńtà tó ń gbé ní òdì kejì ilé wọn. Ohun tí mo fojú rí ni mo kọ.

Aláago là ń pè é. Ó fi ọdún méjìlélógójì tún aago ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù kan tí kò fẹ̀ ju kọ́bọ́ọ̀dù lọ. Tí o bá gbé aago lọ bá a, ìbáwí lo máa kọ́kọ́ gbà. "Kí lo fi ṣe? Ṣé o fi lu èèyàn ni?" Lẹ́yìn náà ni yóò tún un ṣe, yóò sì ṣe é dáadáa. Kò sí aago tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ tó tún padà lọ parọ́ nílé ẹni tó ni ín.

Ohun kan ṣoṣo tó fẹ́ràn ju aago lọ ni ọkọ̀ rẹ̀. Ọkọ̀ Jámánì ni, búlúù tó ṣú, ilẹ̀kùn mẹ́rin. Tó o bá wò ó lókèèrè, wàá ní ọkọ̀ ọ̀gá iléèwé ni. Àmọ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ìje ni wọ́n kì sí i nínú. Ọgbọ̀n ọdún ló ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo Sátidé ló ń fọ̀ ọ́, tí yóò máa fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín yọ eruku ojú ihò tó wà níwájú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò wà á yí àdúgbò ká lẹ́ẹ̀kan, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ru ẹyin. Àwọn ọmọ tó gun kẹ̀kẹ́ máa ń yà á sílẹ̀. Tí òjò bá ṣú, kò ní jáde rárá. Ọkọ̀ tó lè sáré jù ládùúgbò, òun ló ń pẹ́ jù lójú ọ̀nà.

Ìyàwó rẹ̀ ńkọ́? Ẹsẹ̀ ló fi rìn lọ síbi iṣẹ́ títí tó fi fẹ̀yìn tì. Yàrá ìfọṣọ ilé ìwòsàn ló ti ṣiṣẹ́. Ìdúró ibẹ̀ pọ̀. Nígbà tó yá, orúnkún ìyá náà kọṣẹ́ sílẹ̀.

Òkè ni wọ́n ń gbé, àtẹ̀gùn mẹ́tàdínlógún. Nísàlẹ̀, gáréèjì nìkan ló wà, ọkọ̀ ló sì ń gbé ibẹ̀. Dókítà ní òun lè ṣiṣẹ́ abẹ fún orúnkún náà, àmọ́ tí kò bá sí yàrá nísàlẹ̀ tí ìyá yóò sùn sí lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, òun ò ní fọwọ́ kàn án. Ó fún wọn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

"Ṣé o gbọ́ ohun tí dókítà wí?" ìyá bi í.

"Mo gbọ́. Màá tà á."

Ó sọ ọ́ bí ẹni pé kídìnrín rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ yọ.

Mo bá a rẹ́ pátákó. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́. Lẹ́tà rẹ̀ dúró ṣánṣán bí nọ́ńbà ojú aago. Mo ní, "Àwọn àmì orí ọ̀rọ̀ dà?" Ó ní òun ò fẹ́, pé ṣe ni wọ́n dà bí ìgbẹ́ eṣinṣin lára pátákó tó mọ́. Ohun tó gbé kọ́ sára géètì nìyí:

OKO JAMANI TI A TOJU DAADAA WA FUN TITA. E BEERE NINU ILE.

Mo kà á, mo dákẹ́. Èèyàn kì í kọ́ Aláago níṣẹ́.

Kó tó di ọ̀sán, àwọn ọmọbìnrin aránṣọ mẹ́ta ti dé.

"Ẹ káàsán o, Mà. Òyìnbó náà dà?"

Ìyá yọrí lójú fèrèsé òkè. "Òyìnbó wo?"

"Ọkọ Jámánì tí ẹ fẹ́ tà ni."

Ìyá rẹ́rìn-ín títí tó fi di fèrèsé mú. Aláago ò rẹ́rìn-ín. Kò sì tún pátákó kọ.

Àwọn tó fẹ́ ra ọkọ̀ lóòótọ́ náà wá. Ó lé ẹni àkọ́kọ́ torí pé ó ta táyà nípàá. Ó lé ìkejì torí ọmọ mẹ́rin tó bí. Ẹni kẹta jẹ́ akọ̀wé báńkì. Ó dáhùn gbogbo ìbéèrè rẹ̀ bí ọmọlúàbí, ó wá ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ gbà. Aláago ní kó máa lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wá ku ọjọ́ méjì.

Ọjọ́ náà ni obìnrin tó ń wa bọ́ọ̀sì iléèwé wá. Opó ni, ara rẹ̀ yá. Ó dúró tì mí lẹ́nu géètì, ó gbójú sókè.

"Ẹ kú ilé o, Màmá. Ọkọ tí ẹ ń tà yìí, ó ti tó ọdún mélòó lọ́wọ́ yín?"

"Mọ́kànlélógójì, ọmọ mi."

"Háà! Ṣé ó ṣì ń tètè jí láàárọ̀?"

"Àfi tí mo bá tì í."

"Ṣé kì í mu epo jù?"

"Tíì ló ń mu. Ṣúgà mẹ́rin."

"Ariwo ńkọ́?"

"Òru nìkan."

Aláago já jáde láti gáréèjì, àkísà lọ́wọ́. "Ọkọ̀ ni! Ọkọ̀! Ẹ fa ohùn yín wálẹ̀ níparí!"

"Bàbá, ẹ má bínú. Ohun tí ẹ kọ ni mo kà."

Ó wọlé, ó wo ọkọ̀ náà yíká. Ó ní kí Aláago ṣíná sí i. Ó tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì, ó mi orí.

"Ó dùn, Bàbá. Àmọ́ ohùn ẹni tí wọ́n tì mọ́lé ló ní."

"Ṣé ẹ máa ń jẹun nínú ọkọ̀, màdáámù?"

"Ojoojúmọ́."

"Tí òjò bá ń rọ̀ ńkọ́?"

"Iṣẹ́ ò mọ òjò."

"Ibo lẹ máa ń gbé ọkọ̀ sùn?"

"Ìta."

Aláago pa ẹ́ńjìnnì. Ó ki kọ́kọ́rọ́ bọ àpò. "Kò sí fún títà mọ́."

 Fèrèsé òkè padé. Ó pẹ́ díẹ̀, a gbọ́ ọ̀pá lórí àtẹ̀gùn. Ọ̀pá, ẹsẹ̀, ìdákẹ́. Ọ̀pá, ẹsẹ̀, ìdákẹ́. Etí Aláago ni etí tó ń mọ̀ tí aago bá fi ìṣẹ́jú kan falẹ̀ lóṣù. Ó dúró, kò mira. Ní àtẹ̀gùn kẹfà, ìdákẹ́ náà gùn. A gbọ́ tó jókòó.

"Ẹ lọ ràn wọ́n lọ́wọ́, Bàbá," obìnrin náà sọ.

"Kò ní gbà."

Lẹ́yìn náà, ìró wíwọ́ ni a ń gbọ́. Ìdí ló fi ń wọ́ bọ̀, àtẹ̀gùn kan lẹ́yìn èkejì. Ètè Aláago ń kà á. Kò tíì kà á dé mọ́kànlá tó fi yọ kọ́kọ́rọ́, ó fi lé obìnrin náà lọ́wọ́.

"Ẹ má tẹ iná mọ́ ọn kó tó gbóná," ó ní. "Kí ẹ sì..." Ó gbé ìyókù mì.

Ìyá dé ìsàlẹ̀, eruku ní gbogbo ìdí aṣọ rẹ̀.

"Ṣé o ti tà á?"

"Mo ti tà á."

"Ìgbà wo?"

"Nígbà tó ku àtẹ̀gùn méje."

"O ò sì lè pariwo kí n dúró síbẹ̀? Ibùsùn mi ṣì wà lókè!"

 Aláago kẹ́yìn sí i, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó pọ̀n ọ́n padà sókè. Mo tẹ̀ lé wọn, mo na ọwọ́ síwájú bóyá wọ́n á ṣubú. Ìsinmi mẹ́rin ni wọ́n ṣe. Gbogbo ọ̀nà ni ìyá fi ń bú u. Kò dá a lóhùn, torí èémí tó ní kò tó fún àtẹ̀gùn àti àwíjàre pọ̀.