Èbù Inú Ahọ́n

Nígbà tí wọ́n ń fa oògùn jẹjẹrẹ sí mi lára, irun mi tó re kọ́ ló dùn mí jù. Irun lọ, mo fi ìborùn bo orí, ó tán. Ahọ́n mi ló dùn mí. Lẹ́yìn ìgbà kejì tí mo gba oògùn náà, ẹ̀bà, ẹja, ọsàn, gbogbo rẹ̀ di ọ̀kan náà lẹ́nu mi, bí ẹni ń jẹ páálí. Ọmọ Ìjẹ̀bú tí kò mọ adùn ìkọ́kọrẹ́ mọ́, kí ló kù?

Ìkọ́kọrẹ́ màámi gan-an ni ọkàn mi ń fà sí. Ó ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún, àwa méjì la jọ ń gbé n'Íjẹ̀bú-Igbó nígbà tí mo ń gba ìtọ́jú. Ẹ̀rù ń bà mí kó má lọ kú kí n tó tún mọ adùn ọwọ́ rẹ̀.

Mo bi dókítà bóyá ahọ́n mi ti kú. Ó ní rárá. Ó ní oògùn náà kò mọ ọ̀tá yàtọ̀ sí ọ̀rẹ́. Ohun tó bá ti ń yára dàgbà lára, pípa ni. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń mọ adùn lórí ahọ́n kì í pẹ́ kú, tuntun ló máa ń rọ́pò wọn. Ṣùgbọ́n àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà nísàlẹ̀ tí iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa bí òmíràn. Bí oògùn bá parí, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀.

Mo délé, mo ń ṣàlàyé rẹ̀ fún màámi. N kò tíì sọ ọ́ dé ìdajì tó fi já a gbà mọ́ mi lẹ́nu. Àgbẹ̀ ewùrà ṣáà ni.

"Èbù rè é! Wọ́n jó dede oko tán, èbù ṣì wà nílẹ̀, á tún hù. Ìwẹ ṣáà ní sùúrù."

Láti ìgbà náà, ọjọ́ Àìkú kan kò kọjá kó má se ìkọ́kọrẹ́. Á rin ewùrà, á bù ú sínú omi ata tó ń hó pẹ̀lú ẹja gbígbẹ láti Òde-Omi, á gbé e wá, á dúró lé mi lórí.

"Ó dùn?"

"Ó dùn, Màámi."

Irọ́ funfun báláú. Ojú rẹ̀ á tàn, á lọ bu tirẹ̀.

Oògùn parí, mo padà sẹ́nu iṣẹ́ n'Ágó-Ìwòyè. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo gé ọsàn jẹ, mo tún mọ kíkan rẹ̀ lẹ́nu, mo sì bú sẹ́kún. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ Àìkú mo wọ mọ́tò lọ bá màámi, itọ́ ti ń dà lẹ́nu mi lójú ọ̀nà.

Mo bu ṣíbí àkọ́kọ́. Ata wà, ẹja wà. Iyọ̀ kò sí.

"Màámi, ẹ ò fi iyọ̀ sí i."

"Méè mọ adùn iyọ̀ mọ́, ọmọ mi. Ó ti tó ọdún kan. Kí n má bàa bù ú jù, fín-ń-fín ni mo ń bù. Ẹnu ẹ ni mo fi ń tọ́ ọ wò."

Mo dìde lọ gbé iyọ̀, mo ní kó sọ iye tó máa ń bù tẹ́lẹ̀ fún mi. Kò mọ̀. Ó ní ọwọ́ lòun fi ń mọ̀ ọ́n. Mo bu díẹ̀, mo tọ́ ọ wò, mo tún bu díẹ̀. Nígbà tó yá, ó dùn lóòótọ́, mo sì jẹ ẹ́ tán. Ṣùgbọ́n kì í ṣe adùn ọwọ́ màámi, bẹ́ẹ̀ màámi ló jókòó tì mí yẹn.