Owó Ẹni Mẹ́rin Nínú Àkáǹtì Mi

Lọ́jọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ owó-orí wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Táíwò Road, oníbàárà ni mo pè wọ́n. Mo tiẹ̀ ti ń júwe táyà tírélà fún wọn kí obìnrin tó ṣáájú wọn tó na ìwé sí mi. Wọ́n fẹ́ yẹ ìṣirò òwò mi wò. Ẹ̀rù ò bà mí. Táyà ń pé mi, mo sì ń san owó-orí mi, torí Ràmátù, akáǹtáǹtì mi, kì í jẹ́ kí n sinmi bí àsìkò rẹ̀ bá ti tó.

Ìgbà tí wọ́n pè wá sí ọ́fíìsì wọn ni ẹ̀rù tó bà mí. Owó tó gba àkáǹtì mi kọjá pọ̀ jìnnà ju ọjà tí mo ní mo tà lọ. Bí n ò bá lè ṣàlàyé rẹ̀, n óò san owó-orí lórí gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú owó ìtanràn. Bí n ò bá san án, ó di ilé ẹjọ́, wọ́n sì lè ti ṣọ́ọ̀bù mi pa. Kí n ta ilé mi ní àdúgbò Basin pàápàá, kò lè tó o.

Bẹ́ẹ̀, owó náà kì í ṣe tèmi nìkan. Àwa oníṣòwò táyà mẹ́rin la máa ń dáwó jọ ra kòntéénà kan. Orúkọ mi nìkan ni ẹni tó ń kó o wọlé ní Èkó mọ̀, nítorí náà àkáǹtì mi ni àwọn yòókù ń sanwó sí. Bí ọjà bá dé, a ó pín in, kálukú á sì ta tirẹ̀.

“Àlàájì, ìwé àdéhùn yín dà?” obìnrin owó-orí náà bi mí.

“A ò kọ ìwé. Fátíhà la kà sí i.”

Ràmátù sorí kọ́.

“Fátíhà kẹ̀?” obìnrin náà tún bi mí.

“Áfáà wa ló kà á, gbogbo wa ṣe àmín. Wàláhì, kò sẹ́ni tó jẹ́ yẹ irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ n’Ílọrin.”

Ó ní ọmọ Ìlọrin lòun náà, òun mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n fátíhà ò ṣe é fi sínú fáìlì. Kí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi wá fẹnu ara wọn sọ ọ́, kí wọ́n sì mú ẹ̀rí báńkì wá. Ó fún wa lọ́sẹ̀ kan.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti dojú rú. Ẹni tó bá wá ní owó òun ni, ó ti fi ara rẹ̀ han àwọn òṣìṣẹ́ owó-orí nìyẹn, bẹ́ẹ̀ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í san tiwọn. Bí wọ́n bá sì ti ṣọ́ọ̀bù mi, ọ̀dọ̀ àwọn mẹ́ta yìí náà làwọn oníbàárà mi yóò yà sí. Àgàgà Àlàájì Yàkúbù, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí tèmi. Ó ní mo gba oníbàárà òun kan nígbà kan; láti ìgbà náà, kòntéénà nìkan ló ń pa wá pọ̀. Irọ́ ló pa. Oníbàárà náà ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá.

Mo lọ bẹ̀ wọ́n. Àwọn méjì ní àwọn á rò ó wò. Yàkúbù ń to táyà, kò gbójú sókè.

“Mo ti gbọ́,” ló sọ. Ó gbé táyà mìíràn.

Inú bí mi, ọkàn mi sì bàjẹ́. Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù, mo ń wo ògiri rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ dágbére.

Lọ́jọ́ tí wọ́n dá fún wa, èmi àti Ràmátù jókòó sí ọ́fíìsì owó-orí títí, a ò rí ọ̀kankan nínú àwọn mẹ́ta náà. Obìnrin náà ti ń ṣí fáìlì mi nígbà tí Yàkúbù wọlé, àwọn méjì yòókù tẹ̀ lé e.

“Owó mi wà nínú owó yẹn,” ó ní. “Tàwọn wọ̀nyí náà wà níbẹ̀. Ẹ kọ orúkọ wa sílẹ̀. Àbí ẹ rò pé Kamáálù yìí nìkan lówó tó bẹ́ẹ̀ yẹn ni?”

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó wo ẹ̀rí tí wọ́n mú wá, ó sì yọ owó wọn kúrò lọ́rùn mi. Ó júwe bí àwọn náà yóò ṣe máa san tiwọn díẹ̀díẹ̀. Láti ìgbà náà, Ràmátù ló ń tẹ àdéhùn wa, a ó fọwọ́ sí i ká tó pe Áfáà.

Nígbà tí a jáde, mo di Yàkúbù lọ́wọ́ mú.

“O ṣeun gan-an. O lè dákẹ́ o.”

“Kí n dákẹ́, kí wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù ẹ, kí n wá máa bá ta jà?”

Omi bọ́ lójú mi. Mo ní kó jẹ́ kí n fi mọ́tò gbé e dé Táíwò. Ó ní láéláé, àwọn èèyàn á rò pé ìjà ti parí. Ó wá ṣílẹ̀kùn iwájú, ó jókòó tì mí.