Ẹ̀gbọ́n Mi, Ẹni Tó Ń Wọn Apá Ọmọ

Bí ẹ bá ń wá ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ẹ má wulẹ̀ bi ẹnikẹ́ni. Ẹ ṣáà dúró jẹ́ẹ́, ẹ ó gbọ́ ohùn rẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ló fi kiri búrẹ́dì. Ohùn yẹn ni àwọn nọ́ọ̀sì gbọ́ tí wọ́n fi ní kó wá máa bá àwọn ìyá sọ̀rọ̀ lórí oúnjẹ ọmọ. Mo sọ fún un nígbà náà pé iṣẹ́ tó ń fẹ́ ohùn ń fẹ́ etí pẹ̀lú. Ó bi mí pé ìgbà wo ni àbúrò di olùkọ́.

Gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló máa ń tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn kékeré àdúgbò wa. Á to ẹyin, ẹ̀wà àti ewébẹ̀ síwájú, á máa fi han àwọn ìyá bí wọ́n ṣe lè fi kún oúnjẹ ọmọ. Lẹ́yìn náà ni téèpù á jáde, téèpù pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ń wé mọ́ apá ọmọ. Bó bá bọ́ sí àwọ̀ ewé, ara ọmọ dá ṣáṣá. Bó bá bọ́ sí ìyeyè, kí ìyá yáa tún ara mú. Bó bá bọ́ sí pupa, ọmọ ti rù kọjá ààlà, ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì kíákíá.

Bó ṣe ń polówó búrẹ́dì náà ló ṣe ń pariwo àwọ̀. "Ewé! Ìyá ọmọ, o káre!" Wọn á pàtẹ́wọ́, wọn á rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é títí ìyàwó káfíńtà fi gbé ọmọ rẹ̀ wá, ọmọ oṣù mẹ́sàn-án tí ojú rẹ̀ ti jìn wọnú. Ẹ̀gbọ́n mi wé téèpù mọ́ ọn lápá, ẹnu rẹ̀ sì yá ju orí rẹ̀ lọ: "Pupa!"

Gbogbo ojú yí sí ìyàwó káfíńtà. Ẹnì kan ní, "Ṣé kì í fún un lóúnjẹ ni?" Obìnrin náà pọn ọmọ rẹ̀, ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Lọ́sẹ̀ kejì, a ò rí i. Lọ́sẹ̀ kẹta, nọ́ọ̀sì kanlẹ̀kùn ilé wọn títí, kò sẹ́ni tó dáhùn, oúnjẹ inú ọ̀rá tí wọ́n fi ń tọ́jú ọmọ tó rù, tó yẹ kí ọmọ náà máa lá, sì wà lórí pẹpẹ nílé ìwòsàn.

Inú bí mi gan-an. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹyin lọ̀rọ̀ o. Ọmọ yẹn lè kú mọ́ ìyá ẹ̀ lọ́wọ́ torí pé ẹ dójú tì í." Ó ní ká jọ lọ bẹ obìnrin náà. Láti kékeré wa, mi ò rí irú ẹ̀ rí.

Lọ́jọ́ kejì, èmi pẹ̀lú rẹ̀ lọ sílé wọn. Káfíńtà ń fá pákó níwájú ilé, kò kí wa dáadáa. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì, kò sọ ohunkóhun fún bíi wákàtí kan. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n mọ̀ pé ìyà ńlá nìyẹn. Nígbà tí ìyàwó yọjú, ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀ fún ẹni tó lè bí lọ́mọ.

"Mo ṣẹ̀ ọ́, ìyá ọmọ. Má bínú."

Obìnrin náà bú sẹ́kún. "Mo ń fún un lóúnjẹ, mà. Láti ìgbà tó ti yàgbẹ́ gbuuru ni kì í fẹ́ jẹun mọ́."

"Mo gbà ọ́ gbọ́." Ó na téèpù sí i. "Ìwọ fúnra ẹ ni kó o máa wọ̀n ọ́n, nínú yàrá ẹ. Aládùúgbò ò ní gbọ́."

Ìyá ọmọ wọ̀n ọ́n. Pupa náà ni. Kó tó di ọ̀sán, a ti wà lọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì, ó sì ti kó oúnjẹ inú ọ̀rá náà fún ìyá ọmọ. Ẹ̀rù bà mí ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, mi ò ní purọ́. Lọ́sẹ̀ kẹfà, téèpù bọ́ sí ìyeyè. Lọ́sẹ̀ kọkànlá, ó di ewé.

Lónìí, ìyá kọ̀ọ̀kan ló ń wọn ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn kọ́tìnì, wọ́n sì pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ìṣẹ́gun tó kọjá, ìyàwó káfíńtà wọlé, ọmọ rẹ̀ ń rìn tagétagé lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ mìíràn ló pọ̀n, apá rẹ̀ tín-ín-rín.

"Ti ta nìyí?" ni ẹ̀gbọ́n mi bi í.

"Ti aládùúgbò mi ni, mà. Mo ti wọ̀n ọ́n nílé. Ìyá ẹ̀ wà lẹ́nu géètì, ojú ń tì í. Ẹ jẹ́ kí n lọ mú un wọlé, èmi ni mo mọ ohun tí mo máa sọ fún un."