Igi Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Fún Lánlọ́ọ̀dù

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kò mọ bí wọ́n ṣe ń dárí jini, ẹ sọ fún un pé àbúrò rẹ̀ ní òótọ́ ni. Kò mọ̀ ọ́n, èmi náà ò sì fẹ́ kó mọ̀ ọ́n. Ẹni ṣu ní í gbàgbé, ẹni kó o kì í gbàgbé, àwa la sì kó o. Ẹ̀gbọ́n mi fi ọdún púpọ̀ jù mí lọ, ó yẹ kí n máa pè é ní "wọ́n" nínú ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n bí mo bá ń sọ "wọ́n, wọ́n" títí, ẹ ó rò pé èrò pọ̀ níbẹ̀. Ní ti lánlọ́ọ̀dù, n kò ní pè é ní "wọ́n". Kò tọ́ sí i.

Ìyá Oníkòkò ni àdúgbò ń pe ẹ̀gbọ́n mi. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n a máa wá kan ilẹ̀kùn pé àwọn fẹ́ ra ìkòkò ọbẹ̀, a ó sì rẹ́rìn-ín títí. Igi ló ń gbìn sínú ìkòkò: ọsàn wẹ́wẹ́, gúáfà, máńgòrò, àti ọdán tí wọ́n ń rà nítorí ìbòòji. Yàrá kan ló háyà nílé lánlọ́ọ̀dù, àmọ́ yàrá náà ní ẹ̀yìnkùlé kan tí ògiri gíga gbà lọ́wọ́ atẹ́gùn òkun. Torí ògiri yẹn ló ṣe sanwó, kì í ṣe torí yàrá. Bí ẹ bá ti gbé etí òkun rí, ẹ ó mọ̀ pé iyọ̀ ló wà nínú atẹ́gùn ibẹ̀. Ó ń jẹ páànù, ó ń jẹ ìṣó, tó bá sì bà lé ewé tútù, etí ewé náà á pọ́n, á rún. Lánlọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ ló sọ lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi gba yàrá pé, "Ẹ̀yìnkùlé yẹn, tìẹ ni. Èmi ò ní nǹkan tí mo fẹ́ fi ṣe."

Ì bá wù mí kẹ́ ẹ rí i lẹ́nu iṣẹ́. Obìnrin tínínrín, tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì ọkùnrin, tó ká apá rẹ̀ sókè. Ó máa ń fi eegun ìka gbá ara ìkòkò, á tẹ́tí sí i: tó bá dún kíkì, omi ṣì wà níbẹ̀, tó bá dún bí agolo òfìfo, òùngbẹ ń gbẹ igi nìyẹn. Ó kun ìta gbogbo ìkòkò ní funfun kí oòrùn má baà se gbòǹgbò inú wọn bí ẹ̀wà. Ó sì máa ń bá wọn jà. "Ìwọ yìí, ṣé o fẹ́ kú ni? Ta ló fẹ́ ráyè sin ọ́?" Òfin kan wà tí kì í fi ṣeré. Nígbàkígbà tí oṣù bá lé, a gbọ́dọ̀ gbé ìkòkò kọ̀ọ̀kan kúrò lórí bíríkì tó jókòó lé, ká wo ihò ìdí rẹ̀, ká gé gbòǹgbò tó bá yọrí jáde. Ó ní bí gbòǹgbò bá fi lè kan ilẹ̀, ọ̀rọ̀ ti bọ́ nìyẹn, igi ò ní gbọ́ ti ẹnikẹ́ni mọ́. Èmi ni mo máa ń bá a gbé wọn. Ẹ̀yìn a sì máa ro mí, ẹ má rò pé ó rọrùn.

Òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan wà lápá kejì ìlú, máníjà ibẹ̀ sì ti wá wo àwọn igi náà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ó fẹ́ gbogbo wọn pátá. Ó tún fẹ́ ẹ̀gbọ́n mi pẹ̀lú wọn, kó wá máa tọ́jú ọgbà àwọn, kó sì máa gbé ilé kékeré tó wà nínú ọgbà náà. Ilé tí ẹnì kankan ò ní wá kan ilẹ̀kùn rẹ̀ torí owó ilé! Ẹ̀gbọ́n mi ń kọrin nílé ìwẹ̀. N kò gbọ́ orin lẹ́nu rẹ̀ rí kó tó di ìgbà yẹn.

Àsìkò náà ni ìrọbí mú mi. Àkọ́bí mi ni, ó sì le. Ẹ̀gbọ́n mi tẹ̀ lé mi lọ sílé ìwòsàn, kò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, títí wọ́n fi ní ká máa lọ.

Nígbà tá a dé, ẹ̀yìnkùlé ti di kọnkéré. Lánlọ́ọ̀dù ra mọ́tò, kò rí ibi gbé e sí. Ó ní káwọn lébìrà kó gbogbo igi jáde sí ẹ̀bá títì tó kọjú sí òkun, láìsí ògiri, láìsí ẹni tó ń bomi rin wọ́n, nígbà tí atẹ́gùn ń jà lójoojúmọ́. Èyí tí ewúrẹ́ ò jẹ, iyọ̀ jẹ ẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi gbé ọmọ lé mi lọ́wọ́ jẹ́jẹ́. Ó lọ láti ìdí ìkòkò kan dé òmíràn, ó ń fi eegun ìka gbá wọn, ó ń tẹ́tí.

Lánlọ́ọ̀dù jáde wá, ó ń tayín. "Kí ló dé tó o fajú ro báyìí? Tìtorí igi? Ṣé igi wọ́n nígbó ni?"

Ẹ gbọ́ o! Ṣé igi wọ́n nígbó ni! Ó ta eyín rẹ̀ tán, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Kò pẹ́ sígbà náà ni máníjà òtẹ́ẹ̀lì wá, ó wo àwọn igi, ó ní, "Ó mà ṣe o," ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ẹlòmíràn ló ń gbé ilé inú ọgbà yẹn báyìí. Mo mọ ẹni náà. Kò mọ igi tọ́jú.

Ẹyọ ọdán kan ló ṣẹ́ kù, kékeré bí ìka ọwọ́, nínú agolo mílíìkì lójú fèrèsé yàrá ẹ̀gbọ́n mi.

Ẹ ó ní kí ló dé tí kò kó kúrò nílé náà. Kó kó lọ síbo? Ó dúró. Ó ń kí lánlọ́ọ̀dù láràárọ̀, "Ẹ káàárọ̀, sà," ó sì tún iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró tí ènìyàn méjì ò lè gbà kọjá. Èmi ni mò ń bínú síta. Mo ní ká lọ fi ìṣó gún táyà mọ́tò rẹ̀.

"Táyà?" ó ní. "Ṣebí wọ́n máa ń lẹ táyà."

Ọdún ń gorí ọdún, ọdán inú agolo di ọdán inú garawa, ó di ọdán inú ìkòkò tí ọkùnrin kan ò lè dá gbé. Kò sí ẹni tó kọjá tí kò ní dúró wò ó. Lánlọ́ọ̀dù náà ti lówó sí i. Ó kọ́ ilé tuntun sí òkè títì, ó gbẹ́ táńkì omi sábẹ́ àgbàlá, ó fi táìsì tẹ́ gbogbo òkè rẹ̀, ilẹ̀ ò ṣẹ́ kù níbi kankan. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ló wá sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀gbọ́n mi. Mo wà níbẹ̀.

"Ìyá Oníkòkò, àgbàlá mi gbóná jù. Igi yìí ni mo fẹ́."

Mo ti lanu láti rán an létí pé igi ò wọ́n nígbó. Ẹ̀gbọ́n mi fi ẹsẹ̀ tẹ ẹsẹ̀ mi mọ́lẹ̀. "Ẹ máa mú un, sà. Ọ̀fẹ́ ni. Àmọ́ èmi fúnra mi ni màá gbé e síbi tó máa jókòó sí."

Orí mi gbóná! Bí ọkùnrin yẹn ṣe yíjú báyìí, mo pariwo débi pé àwọn ará ilé yọjú. Ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ kí n pariwo tán. Ó ní kí n lọ wá ọmọlanke.

Nígbà tá a dé ilé tuntun náà, ó rìn yí àgbàlá po, ó ń fi gìgísẹ̀ kan táìsì, ó ń tẹ́tí sí i bó ṣe ń ṣe sí ìkòkò. Ibi tí táńkì ti parí nítòsí ògiri pálọ̀, níbi tí símẹ́ǹtì àárín táìsì méjì ti là, ibẹ̀ ló ní ká gbé igi sí. Kò fi bíríkì sábẹ́ rẹ̀. Ó wá kọjú sí lánlọ́ọ̀dù.

"Ẹ má gbé e o, sà. Ẹ má sì yí i. Igi yìí kórìíra ìdààmú. Ẹ ṣáà máa bomi sí i."

Èmi tí ẹ̀yìn ti ro nítorí gbígbé ìkòkò! Ó yé mi lójú ẹsẹ̀. Mo yára díbọ́n pé ikọ́ ń ṣe mí.

Ojú ọ̀nà ló ti sọ ìyókù fún mi. "Lọ́jọ́ tí ilé náà bá là, màá lọ bá a, màá sọ fún un pé èmi ni. Ojú rẹ̀ ni mo fẹ́ rí, àbúrò mi. Kí n rí i bó ṣe máa bàjẹ́, bí tèmi ṣe bàjẹ́."

Iná ò tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ ò tán léèékánná. A dúró. Èmi ni mò ń lọ wo ibẹ̀, mo ń ṣe bí ẹni tó wá kí ìyàwó lánlọ́ọ̀dù. Nígbà tí táìsì kan kọ́kọ́ wú, wọ́n pe bíríkìlà, mo rò pé àṣírí ti tú. Ṣùgbọ́n ìgbà tí mo tún máa padà dé ibẹ̀, ìkòkò wà níbi tó wà. Lẹ́yìn ìyẹn, táìsì ń wú lọ ràì. Táńkì bẹ̀rẹ̀ sí í jò, ẹni tó ní táńkì ń ra omi! Ògiri pálọ̀ là láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ilẹ̀kùn ò ṣeé tì mọ́. Bí mo bá ti ń ròyìn, ẹ̀gbọ́n mi á dáwọ́ iṣẹ́ dúró, á ní, "Tún un sọ." Màá tún un sọ, màá sì fi díẹ̀ kún un. Inú mi dùn, n kò ní purọ́. Nígbà tó yá, ìyàwó lánlọ́ọ̀dù kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀, ó ku bàbá náà nìkan lórí àga lábẹ́ ọdán.

Ó wá ránṣẹ́ pé kí Ìyá Oníkòkò wá bá òun wo igi òun.

Mo wọ bàtà òde. Ẹ̀gbọ́n mi pọ́n àdá rẹ̀.

Lánlọ́ọ̀dù ti gbẹ. Ó fi ọwọ́ ti ara ìkòkò kó tó lè dìde kí wa. "Àwọn ọmọ mi fẹ́ wó ilé yìí," ó ní, "kí wọ́n mú mi lọ sọ́dọ̀ wọn. Kí wọ́n wó o. Igi yìí ni kó o bá mi yọ, kí n mú un dání. Òun nìkan ni mò ń bá sọ̀rọ̀."

Ó ṣeé yọ. Gbogbo wa la mọ̀ pé ó ṣeé yọ. A ó gé apá kan gbòǹgbò náà lónìí, a ó dín ẹ̀ka rẹ̀ kù, a ó dúró kó tún ara rẹ̀ ṣe ká tó gé apá kejì. Bá a bá gé e lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó kú nìyẹn.

"Ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ kan fún yín ná, sà." Ẹ̀gbọ́n mi sún mọ́ ọn. Èmi náà sún mọ́ ọn, mo fẹ́ rí ojú yẹn dáadáa. "Igi tó wó ilé yín yìí, èmi ni mo rán an. Gbígbé ni wọ́n ń gbé ìkòkò igi. Mo ní kẹ́ ẹ má gbé e torí mo mọ ibi tó ń lọ."

Ojú ọkùnrin náà ò yí padà.

"Mo mọ̀," ó ní. "Bíríkìlà tó wá tún táìsì àkọ́kọ́ lẹ̀ ti sọ fún mi. Ó ní ká gbé ìkòkò, ká gé gbòǹgbò, ó tán. Mo ní kó fi í sílẹ̀. Mo rántí àwọn igi rẹ. Mo ní, jẹ́ kí igi gba ilé náà. Ìyàwó mi ní dandan ni kí n gé e, mo kọ̀, ìdí tó fi kó lọ nìyẹn."

Háà! Gbogbo ọdún tá a fi rò pé à ń jẹ ọkùnrin yìí níyà, ó gbé àga sábẹ́ ìyà náà, ó ń gba atẹ́gùn!

"Ta ló ní kó o mọ̀?" Ẹ̀gbọ́n mi ò pè é ní "ẹ" mọ́. "Ta ló bẹ̀ ọ́? Ṣé ọ̀nà yàrá mi jìn ni? Kó o kàn wá, kó o dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, kó o ní 'má bínú'. Odindi ilé lo jẹ́ kó wó, kó o má baà sọ ọ̀rọ̀ kan?"

"Ẹnu mi wúwo. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́."

"Sọ ọ́ báyìí."

Ó lanu. Ó pa á dé. Ó wo igi. "Ìyá Oníkòkò, igi yẹn, ṣáà bá mi yọ ọ́ ná."

Ẹ̀gbọ́n mi fi èjìká ti ìkòkò, ó wọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Gbòǹgbò abẹ́ rẹ̀ nípọn ju itan mi lọ. Ó gbé àdá sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé e, oje funfun ń ta sí i lára. Ó gé apá kìíní, kò dúró. Èmi tí mo ti ń gbàdúrà pé kí ilé yìí wó, èmi ni mo ké pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dá apá kan sí!" Kò dá nǹkan kan sí. Ìgbà yẹn ni ojú lánlọ́ọ̀dù wá bàjẹ́. Ó bàjẹ́ pátápátá, bí ojú ọmọ tí wọ́n já ọmú gbà lẹ́nu rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì já bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ má bínú," ó ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, ẹ má bínú." N kò mọ̀ bóyá torí igi yìí ló ṣe ń bẹ̀bẹ̀ tàbí torí àwọn igi àtijọ́. Ó sọ ọ́ títí àdá fi kan táìsì.

A jáde. A rìn dé ìdajì ọ̀nà. Oje ti gbẹ mọ́ ọn lápá, kò nù ún.

"Ẹ rí ojú rẹ̀?" mo bi í. "Ẹ gbọ́ ohun tó ń sọ?"

"Ojú ta ni?" ó ní. "Igi ni mò ń wò."