Bí Mo Ṣe Wá Ìdí Igbe Bíréèkì Láti Ìjerò Dé Òkè Ẹfọ̀n

Àkùkọ kò tíì kọ lẹ́ẹ̀kejì tí mo fi mú Yèyé, ìyá tó bí mi lọ́mọ, jókòó sí iwájú mọ́tò ìjàpá mi ní Ìjerò, lápá ọ̀tún. Iléṣà là ń lọ. Ojú Yèyé méjèèjì ti funfun bí omi ògì. Ọ̀kan kò ríran mọ́ rárá, èkejì ń rí òjìji lásán. Ọsibítù kan ní Iléṣà ti ní kí n mú un wá láàárọ̀ ọjọ́rú, wọ́n á fi abẹ yọ funfun ojú náà. Wọ́n sì ti là á mọ́lẹ̀ pé bí a bá pàdánù ọjọ́ yẹn, ó di ọdún tó ń bọ̀, nítorí dókítà tó ń ṣe é kì í gbé ibẹ̀, ṣe ló ń wá láti ọ̀nà jíjìn. Ọjọ́ ìṣẹ́gun la gbéra. Odindi ọjọ́ kan ni mo fi sílẹ̀ fún ìjàngbọ̀n, nítorí mo mọ̀ pé ìjàngbọ̀n ń bẹ.

Bíréèkì ni ìjàngbọ̀n náà. Bí mo bá ti tẹ̀ ẹ́ báyìí, á ké "híín!" bí ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fẹ́ pa. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ní Ìjerò. Bí mo bá ti ń wọ ọgbà ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń ṣe tíṣà, àwọn ọmọ kíláàsì mi á ti máa sọ pé, "Tíṣà Híín ti dé!" Ojú ń tì mí, ṣùgbọ́n ìtìjú kò pa èèyàn rí. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè Ẹfọ̀n tó kọjú sílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ló ń pani. Ẹni tó bá ti gba ibẹ̀ rí á mọ ohun tí mò ń wí: ọ̀nà á máa lọ́, àpáta lápá kan, ọ̀gbun lápá kejì. Mo ti búra pé n kò ní gbé ìyá mi sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀ bí n kò bá tíì mọ ohun tó ń ké.

Ẹ lè ní kí ló dé tí a kò wọ takisí. Ẹ bi Yèyé.

"Mo bí ọma tó ní mọ́tò, kí n wá lọ há mọ́ àárín ẹlẹ́ja? Kí á má rí i!" Ọma ni ọmọ lẹ́nu wa. Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Ọ̀nà Ìjerò sí Aramọkọ kò jìn, kòtò ló pọ̀. Mo ń rọra lọ, mo ń yà fún àwọn àgbẹ̀ tó ti gbé àdá kọ́ èjìká, mo sì ń gbọ́ agogo ìsìn òwúrọ̀ níbi tí a bá ti kọjá ṣọ́ọ̀ṣì. Ní gbogbo kòtò ni bíréèkì ń ké. Ajá kan tilẹ̀ dá a lóhùn. Yèyé kàn di etí àpò rẹ̀ mú. Ilẹ̀ mọ́ kedere kí a tó dé Aramọkọ.

Mo yà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì àkọ́kọ́ tí mo rí, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń jẹ orógbó. Kò tíì wo mọ́tò tó fi ní, "Tíṣà, bíréèkì yín ti jẹ tán. Tuntun lẹ máa rà."

"Ẹ ti rí i ni?"

"Mo gbọ́ ọ bẹ́ ẹ ṣe ń bọ̀."

"Mo mọ̀ pé ẹ gbọ́ ọ. Ìjerò náà gbọ́ ọ. Ẹ bá mi tú u kí á jọ rí i."

Ó pòṣé, ó bi mí pé apá ibo ni mọ́tò ń fà sí bí mo bá tẹ bíréèkì. Mo ní apá ọ̀tún ni. "Ẹ ò rí i? Ibẹ̀ náà ni àrùn wà." Ló bá gbé jáàkì, ó tú táyà ọ̀tún méjèèjì, tiwájú àti tẹ̀yìn. Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó pẹ̀lú rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ mọ́ tónítóní, awọ bíréèkì sì nípọn dáadáa.

"Kí ló wá ń ké?" ni mo bi í.

"Mọ́tò ti ń dàgbà ni. Àwa náà, ṣé a kì í ké tá a bá ń dìde nílẹ̀?"

Yèyé rẹ́rìn-ín títí. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo ní kó tú apá òsì náà, ó ní kí n máa lọ, pé kò sóhun tí yóò ṣe mọ́tò náà, lọ́ọ̀rì oníkòkó kan sì ti ń dúró dè é. Mo bẹ̀ ẹ́, ó ti wọ abẹ́ lọ́ọ̀rì lọ. Inú bí mi, ṣùgbọ́n mo sọ fún ara mi pé kì í ṣe Aramọkọ nìkan ni mẹkáníìkì wà.

A jẹun kí a tó kúrò níbẹ̀. Níbòmíràn, ẹ̀kọ ni wọ́n fi ń ṣí ẹnu láàárọ̀. Ní ọ̀dọ̀ wa, uyán, ìyẹn iyán, kò ní àkókò tirẹ̀. Kọ́bọ̀ ọgọ́ta ni abọ́ kan tòun ti ẹran ìgbẹ́ méjì, iyán náà funfun báláú, kò ní kókó kan. Yèyé jẹ tirẹ̀ tán, ó fi ìka nu abọ́. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé a yó, nítorí ohun tó kàn.

A ti kọjá oríta tí wọ́n ti ń yà sí Òkè-Ìmẹ̀sí, a wá ń sọ̀kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan tó gùn díẹ̀. Mo tẹ bíréèkì, ó ké, mọ́tò fà sí ọ̀tún, mo fi ọwọ́ méjèèjì dá a padà. Bí a ṣe dé ìsàlẹ̀, òórùn àkàrà kún inú mọ́tò. Àkàrà gbígbóná, tó ń hó lọ́wọ́ nínú epo! Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, igbó lásán ni, kò sí ilé, kò sí iná, kò sí ẹni tó ń dín nǹkan kan. Ebi kọ́, a ṣẹ̀ṣẹ̀ yó. Mo dúró, mo sọ̀kalẹ̀. Èéfín tẹ́ẹ́rẹ́ kan ń jáde lára táyà òsì ti iwájú. Mo gbé imú sún mọ́ ọn. Ibẹ̀ ni àkàrà wà.

"Kí lo rí?" Yèyé bi mí láti inú mọ́tò.

"N kò tíì mọ̀, Yèyé. Ṣùgbọ́n mo ti mọ ibi tó wà."

N kò padà sí Aramọkọ. Mo fi jíà kìíní wọ́ mọ́tò bí ìgbín títí a fi dé Ẹfọ̀n-Aláayè, níbi tí ilé ti jókòó lé orí ilé lára òkè, tí kùrukùru kò sì tíì ká nílẹ̀. Wọ́n júwe ọkùnrin àgbà kan fún mi tí gbogbo èèyàn ń pè ní Bàbá Jáàkì. Abẹ́ igi máńgòrò ló ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n gbé àpótí fún Yèyé, ó jókòó. Mo ro ẹjọ́ mi fún bàbá náà látòkè délẹ̀, mo ní apá ọ̀tún ni mọ́tò ń fà sí, wọ́n sì ti tú ibẹ̀, wọn kò bá nǹkan kan.

Ó rẹ́rìn-ín. "Bí ẹni méjì bá jọ ń fa ewúrẹ́, ọ̀dọ̀ ta ni ewúrẹ́ ń lọ?"

"Ọ̀dọ̀ ẹni tó lágbára, Bàbá."

"Ọ̀tún rẹ ló lágbára. Ó ń di mọ́tò mú, òsì kò dì í mú. Òsì ni aláìsàn."

Ó tú u. Ó yọ dúrọ́ọ̀mù, ìyẹn irin ribiti tó bo bíréèkì mọ́lẹ̀. Inú rẹ̀ kò ṣe é wò: nǹkan pupa tó ti jóná di dúdú, tó ki bí oje igi, tí eruku ti lẹ̀ mọ́ gbogbo ara rẹ̀. Bàbá Jáàkì fi ìka kàn án, ó gbóòórùn rẹ̀, ó tún fi ahọ́n tọ́ ọ wò. Ó yíjú sí mi.

"Epo pupa ni. Ta ló ń dín àkàrà nínú mọ́tò rẹ?"

Ara mi gbóná. "Mẹkáníìkì tó tún un ṣe kẹ́yìn ní Ìjerò ni! Ọ̀dájú èèyàn! Ó fẹ́ pa mí! Bí mo bá délé, ọlọ́pàá ni n ó fi gbé e!"

"Má fi ọlọ́pàá gbé ẹnì kankan." Yèyé ló sọ̀rọ̀ látorí àpótí. "Èmi ni."

"Yèyé, ẹ̀yin kẹ̀?"

"Èmi ni mo dà á sí i. Ṣebí létí mi ni mẹkáníìkì yẹn ti sọ fún ọ lẹ́nu ọ̀nà wa pé eruku ló ń mú un ké, pé bó bá tún ti ń ké, epo ni kí o fi fọ̀ ọ́? O ní o ti gbọ́. Mo dúró títí, o kò fọ̀ ọ́. Mo ní kí n bá ọ fọ̀ ọ́."

Òótọ́ ni. Mẹkáníìkì náà sọ ọ́, mo sì ní "mo ti gbọ́" bí ẹni lé eṣinṣin. Epo bẹntiróòlù ló ń wí, èyí tí wọ́n fi ń fọ irin. Ṣùgbọ́n agboolé Ògún ni wọ́n ti bí Yèyé. Àdá ni o, ọkọ́ ni o, ìbọn ni o, kò sí irin tí wọn kì í bu epo pupa sí lọ́dọọdún kó lè tutù. Ó ti pẹ́ tó ti ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó wàásù fún un nípa irin tó ń ké. Irin ń ké, wọ́n ní epo ni kí á fún un: kí ló tún kù tí kò yé e? Ihò kékeré kan wà lójú dúrọ́ọ̀mù. Ìka ló fi ń wá a, nítorí kò ríran. Bíréèkì á dákẹ́ fún ọjọ́ kan, á tún ké, Yèyé á tún da epo sí i. Ìgò kan ti lọ tán.

Mo jágbe mọ́ ọn, n kò ní parọ́. "Yèyé, ẹ fẹ́ẹ̀ pa wá!"

Bàbá Jáàkì nàró. "Tíṣà, má jágbe mọ́ ìyá rẹ níwájú mi. Ẹni tí kò ríran gbọ́, ó ṣe é. Ìwọ tó ríran gbọ́, kí lo ṣe?"

Èmi tí mò ń kọ́ ọmọ ní Yorùbá, tí mo máa ń fa igi sí ìwé wọn pé ọ̀rọ̀ wọn kò yéni!

Bàbá Jáàkì ní awọ bíréèkì tó bá ti mu epo pupa kò tún wúlò mọ́, a ra tuntun nítòsí ọjà. Ó fi bẹntiróòlù fọ irin apá òsì méjèèjì, ó fi sáńpépà ha á títí ó fi ń dán. Mo wa mọ́tò náà sọ̀kalẹ̀ níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ìlú lẹ́ẹ̀mẹta, èmi nìkan. Kò ké, kò fà. Ìgbà yẹn ni mo tó ní kí Yèyé wọ mọ́tò.

A sọ̀kalẹ̀ lórí òkè Ẹfọ̀n. Níbẹ̀ la ti fi Ìpínlẹ̀ Oǹdó tiwa sílẹ̀ bọ́ sí Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Lọ́ọ̀rì ń mí hẹlẹhẹlẹ gòkè bọ̀, ọ̀gbun ń wo wá, mo ń tẹ bíréèkì, ó ń gbọ́ mi lẹ́nu. Ṣùgbọ́n inú ṣì ń bí mi sí Yèyé títí a fi dé Iléṣà. A bá ọjọ́rú wa pàdé. Wọ́n ṣe ojú kan. Ní ọjọ́ karùn-ún wọ́n tú aṣọ tí wọ́n fi di ojú náà, Yèyé wò yíká, ó ní, "Tíṣà, o ti rù o." Ọlọ́run ló ṣe é.

Nígbà tí à ń padà bọ̀ tí a ń gun òkè Ẹfọ̀n, ó yọ ojú síta wo ìsàlẹ̀.

"Ibí yìí la gbà lọ?"

"Ibí yìí ni, Yèyé."

A kọjá Aramọkọ. Èmi ni mo wá bi í léèrè ohun tó ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọjọ́ náà. "Yèyé, ẹ má bínú. Táyà mẹ́rin ló wà. Kí ló dé tó jẹ́ òsì nìkan lẹ da epo sí? Ṣé ẹ ò rí ihò ti ọ̀tún ni?"

"Mo rí i. Epo kò tó ni. Òsì ni ibi tí ìwọ ń jókòó sí."

"Ọ̀tún tí ẹ̀yin ń jókòó sí ńkọ́?"

"Èmi? Èmi ti dàgbà."

Ohun tí ìrìn àjò yẹn kọ́ mi ni pé ẹni tó bá ní "mo ti gbọ́" tí kò ṣe é, iṣẹ́ náà kò ní ṣàì bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀, bí apá onítọ̀hún ká a, bí kò ká a. Mo tẹ bíréèkì lẹ́nu ọ̀nà wa ní Ìjerò, mọ́tò dúró jẹ́jẹ́. Mo ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú mi. Yèyé ti ṣí ilẹ̀kùn tirẹ̀ kó tó bojú wẹ̀yìn wò mí.

"Kí ló tún ń ṣe ojú tìrẹ?" ló wí.