Ọ̀fun Tí Ọ̀fọ̀ Fún

Ìkọ́kọ́rẹ́ ni mo fi mọ̀ pé nǹkan ń ṣe mí. Ọ̀sán Sátidé ni, èmi fúnra mi ni mo sè é, ẹja gbígbẹ sì pọ̀ nínú rẹ̀ dáadáa. Mo fi ṣíbí kan sẹ́nu, ó dé ọ̀nà ọ̀fun, ó dúró. Mo mu omi lé e. Omi lọ, ṣùgbọ́n ó ń ṣe mí bíi pé nǹkan kan ṣì há síbẹ̀, tí kò gòkè, tí kò sì sọ̀. Ọkọ mi ní bóyá egungun ẹja ni. Ẹja tí mo fọwọ́ ara mi ṣà! Ọmọ Rẹ́mọ tí kò lè gbé ìkọ́kọ́rẹ́ mì, ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti dójú ẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín, mo gbé abọ́ kúrò nílẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ni mí ní Ìkẹ́nnẹ́, àwa nọ́ọ̀sì la sì burú jù níbi ká tọ́jú ara wa. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń mu ògì bí ọmọ ọwọ́ kí n tó lọ rí dókítà. Aṣọ iṣẹ́ mi ti dà bí àgbéwọ̀ lọ́rùn mi. Ní ilé ìwòsàn ńlá kan, mo jókòó sórí bẹ́ńṣì láti àárọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí, èmi tí mo máa ń sọ fáwọn aláìsàn pé kí wọ́n ní sùúrù. Wọ́n yẹ ọrùn mi wò bóyá gẹ̀gẹ̀ ni. Kì í ṣe gẹ̀gẹ̀. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi. Wọ́n ti ọ̀pá rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó níná lórí gba ẹnu mi wọ ọ̀nà ọ̀fun. N kò ní purọ́ fún yín, kò dùn mọ́ni rárá, omi ń dà lójú mi, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí wọ́n fi fà á jáde. Kò sí egbò, kò sí kókó.

Dókítà wò mí títí, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ta ni ẹ pàdánù?"

Mo ní kò sẹ́nì kankan. Irọ́ ni mo pa.

Àbúrò mi ọkùnrin, Mùtíù, ti kú láti ọdún méjì sẹ́yìn nínú ìjàǹbá ọkọ̀ lójú ọ̀nà márosẹ̀. Èmi ni wọ́n pè pé kí n wá wo òkú náà bóyá òun ni. Nígbà tí mo fi máa dé ilé wa ní Makun, àwọn àgbà ti yí ìyá mi ká. Lọ́dọ̀ wa, òbí kì í mọ ibojì ọmọ rẹ̀. Wọ́n ti ká àwòrán Mùtíù kúrò lára ògiri, wọ́n ti kó aṣọ rẹ̀ lọ, wọ́n sì kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọ́dọ̀ sunkún lójú ìyá mi, n kò gbọ́dọ̀ dárúkọ ọmọ náà sí i létí, kí wọ́n má bàa sin méjì. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é. Èmi náà gbọ́ràn ju bó ṣe yẹ lọ. Ọ̀rọ̀ obì tí ìyá mi ń tà àti ọ̀rọ̀ òjò nìkan ló kù láàárín àwa méjèèjì, nígbà tó yá mo tún dín àbẹ̀wò kù.

Ibi tí mo ti ń mu ògì lọ́wọ́ ni ọ̀gá wa ti kọ orúkọ mi sílẹ̀ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ mẹ́rin kan ní Ìpẹ̀rú, fún àwọn tí yóò máa tọ́jú ọkàn ẹni tí ikú òjijì pa èèyàn rẹ̀. Inú mi dùn, nítorí ọjọ́ mẹ́rin ni n kò ní gbé abẹ́rẹ́ dání. Nọ́ọ̀sì, tíṣà, àlùfáà àti lèmọ́mù la kún inú gbọ̀ngàn náà. Ẹni tó ń kọ́ wa, Màmá Olùkọ́ là ń pè é, ó ti tó ẹni àádọ́rin ọdún, ojú rẹ̀ sì mú. Ó ní ọ̀fọ̀ kan wà tí ẹkún àti ọjọ́ máa ń wẹ̀ kúrò díẹ̀díẹ̀. Èkejì ni ọ̀fọ̀ ọlọ́gbẹ́: ikú náà bá ni lójijì, ọpọlọ kò sì gbà pé ó ti kọjá. Ohun tí ẹnu kò bá sọ, ara á wá ibì kan fi í sí. Orí ń fọ́ ẹlòmíràn, oorun dá lójú ẹlòmíràn. Ti ẹlòmíràn, iṣan ọ̀fun rẹ̀ ni yóò fún pọ̀ bíi pé nǹkan há síbẹ̀. Ó ní kì í ṣe pé ẹni náà ń díbọ́n. Mo tẹ orí ba, mo ń kọ ọ́ sínú ìwé bíi pé ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ni.

Lẹ́yìn náà ló gba ohun ìjà wa. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sọ pé "Ẹ má sunkún mọ́." Kò gbọ́dọ̀ sọ pé "Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n ṣe." Kò sì gbọ́dọ̀ gbàdúrà pé ọ̀fọ̀ á jìnnà síra wọn, àyàfi bí ẹni náà bá ní kó gbàdúrà. Àwa tí a ti ń kí ọlọ́fọ̀ láti ọjọ́ aláyé, a kò mọ ohun tí a ó sọ mọ́.

Wọ́n pín wa ní méjì-méjì, kí ẹnì kan ṣe ọlọ́fọ̀, kí èkejì máa gbọ́ ọ. Bàbá kátíkíìsì kan láti Òde Rẹ́mọ ló kàn mí. Èmi ni ọlọ́fọ̀, mo sì ti ṣètò ìtàn irọ́ kan sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Bàbá la ẹnu láti gbàdúrà, ẹ̀ẹ̀mejì ni Màmá Olùkọ́ na ìka sí i. Ní ìgbà kẹta, Bàbá ṣí fìlà orí rẹ̀, ó fi bo ara rẹ̀ lẹ́nu. A rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn wá. Láàárín ẹ̀rín yẹn ni mo gbọ́ ohùn ara mi tó ń sọ pé, "Mùtíù ì bá fi fìlà yẹn ṣe yín ní yẹ̀yẹ́ títí alẹ́."

Bàbá sọ fìlà kalẹ̀. "Ta ni Mùtíù?"

Mo sunkún bí ọmọdé, ikun ń dà nímú mi. Bàbá kò ní kí n dákẹ́. Ó kàn ń sọ pé, "Ẹ máa sọ ọ́ lọ." Ní ọ̀sán ọjọ́ náà mo jẹ ìrẹsì àti ẹran, àwo ti ṣófo kí n tó mọ̀.

Ẹ má rò pé ó tán síbẹ̀ o. Ọ̀fun mi tún fún pọ̀ lọ́sẹ̀ kejì. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mo ń lọ sọ́dọ̀ Màmá Olùkọ́, tí mo ń sọ ohun tí mo rí lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí aṣọ lójú àbúrò mi. Ọjọ́ mìíràn á le ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ṣùgbọ́n Màmá ní apá kan wà tí òun kò lè bá mi ṣe, pé ó wà ní Makun. Ẹ̀rù bà mí gan-an, nítorí bí mo bá dárúkọ ọmọ náà tí ìyá mi sì ṣubú lulẹ̀, ta ni mo máa wí fún?

Mo bá ìyá mi níbi tó ti ń ṣa gbànja. Ó wo ọrùn mi tó ti gbẹ. Mo jókòó tì í, mo bá a ṣà díẹ̀, mo wá sọ pé, "Màámi, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ Mùtíù."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó ní, "Ọma mi, mo ti rò pé o gbàgbé rẹ̀ ni."

Kò ṣubú. Ńṣe ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí Mùtíù ṣe gé odindi agbọ̀n obì jẹ lọ́kọ̀ọ̀kan nígbà tó wà ní kékeré, ó ní òun ń wá èyí tó dùn. À ń sunkún, à ń rẹ́rìn-ín, a kò mọ èyí tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ la wà nígbà tí Àlájì tó máa ń ra obì lọ sí òkè Ọya sálámà láti ìta. Mùtíù lorúkọ tirẹ̀ náà. Fún ọdún méjì, gbogbo ilé ń pè é ní Àlájì Olóbì kí orúkọ yẹn má bàa jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni, ó sì ń jẹ́ ẹ láìbéèrè ìdí.

Ìyá mi gbójú sókè. "Mùtíù, wọlé, jókòó."

Àlájì dúró sẹ́nu ọ̀nà. Omi lé ròrò sí i lójú, ó ní, "Mo ń bọ̀, ìyá mi."

Bí ọ̀fun tiyín bá ń ṣe bí tèmi, ẹ kọ́kọ́ rí dókítà. Bí wọn kò bá rí nǹkan kan, ẹ má bínú sí ara yín. Mo bínú sí ọ̀fun mi púpọ̀, mo rò pé ó fẹ́ fi ebi pa mí. Àṣé nígbà tí ẹnu mi ń purọ́, tí ojú mi gbẹ, òun nìkan ló ń bá mi ṣọ̀fọ̀ àbúrò mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.