Àwọn Lẹ́tà Tí Àǹtí Kò Ṣí

Mo rántí ìgbà tí mo gbà pé kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni tún lè kọ́ mi nípa ìlú Toronto. Oṣù mẹ́sàn-án péré ni mo tíì lò níbẹ̀. Mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń wọ subway, mo ti ra bàtà yìnyín, mo sì ti ń júwe ọ̀nà fún àwọn tó ti wà níbẹ̀ kí n tó wọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá rántí ọkùnrin tí mo jẹ́ nígbà yẹn, ó máa ń ṣe mí bíi kí n fa etí rẹ̀.

Ọ̀dọ̀ àbúrò ìyá mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí, ni mo kọ́kọ́ dé sí, ní Brampton, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Toronto. Ìgbà ìjọba ológun ni wọ́n ti kúrò nílé, iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni wọ́n sì ń ṣe láti ìgbà náà. Wọ́n fún mi ní yàrá kan nínú basement wọn, wọn ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Nígbà tí mo rí i pé owó wà nínú títún ọ́fíìsì ṣe fún àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké, mo dá ilé-iṣẹ́ tèmi sílẹ̀. Èmi, ẹ̀rọ ìgbálẹ̀ kan àti garawa méjì ni gbogbo ilé-iṣẹ́ náà. Fọ́ọ̀mù ìjọba béèrè àdírẹ́sì, mo kọ ti Àǹtí sí i. Kí ni ǹ bá tún kọ? Wọ́n sì fún mi ní nọ́ńbà HST, ìyẹn owó-orí tí oníṣòwò máa ń gbà lọ́wọ́ oníbàárà lórí ọjà àti iṣẹ́, tí yóò wá kó fún ìjọba nígbà tó bá fi ìṣirò rẹ̀ ránṣẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Inú mi dùn sí nọ́ńbà yẹn débi pé mo ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí káàdì tí mo ń pín kiri.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì mélòó kan wá kí Àǹtí. Bí mo ṣe wọlé, mo rí lẹ́tà báǹkì mi lórí tábìlì, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ti ya, wọ́n ti fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́. N kò béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. N kò dúró kí àwọn àlejò lọ. Mo gbé e sókè kí gbogbo ojú lè rí i, mo ní, "Àǹtí, privacy wà ní orílẹ̀-èdè yìí o. Crime ni kéèyàn ṣí lẹ́tà onílẹ́tà!"  Ọ̀kan nínú àwọn àlejò tẹjú mọ́ ife tíì rẹ̀ bíi pé nǹkan já sínú rẹ̀. Àǹtí ò bínú, wọn ò sì sọ pé àwọn kọ́. Wọ́n kàn ní, "O ṣeun, mo ti gbọ́," wọ́n dìde, wọ́n lọ gbé omi sí i sórí iná. Mo ju lẹ́tà náà sílẹ̀ níbẹ̀ láìkà á, mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sí basement bí ẹni tó ja ogun tó ṣẹ́gun.

Kí oṣù yẹn tó parí, mo ti kó lọ sí Downsview, ní Toronto. Mo yí nọ́ńbà fóònù mi padà, n kò fún Àǹtí ní tuntun. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ìyá mi pè láti Ìbàdàn pé Àǹtí ní lẹ́tà mi ń wọlé sọ́dọ̀ àwọn, kí n wá gbà á. Mo ní kí wọ́n bá mi sọ fún Àǹtí kí wọ́n dà á nù, ìpolówó ọjà lásán ni. Mo tún fi kún un pé àbúrò wọn fẹ́ràn àtojúbọ̀ jù. Òótọ́ ni pé mo ti yí àdírẹ́sì mi padà ní báǹkì, mo ti yí i padà lórí ìwé ìwakọ̀, mo ti yí i padà níbi gbogbo, àfi ibi kan ṣoṣo tí n kò rántí.

Ọdún méjì kọjá báyẹn. Mo ń kọ HST sórí ìwé owó tí mo ń fún àwọn oníbàárà, wọ́n ń san án, èmi náà ń ná an. Ó di winter tyres, ó di ọkọ̀ àlòkù. Mi ò pe ara mi lólè. Ṣebí mò ń san owó-orí tèmi lọ́dọọdún, mo sì rò pé ìyẹn ti kó gbogbo rẹ̀ pọ̀. Bí nǹkan kan bá kù, mo máa ń sọ fún ara mi pé ìjọba á kọ lẹ́tà sí mi.

Ìgbà yẹn ni ilé-iṣẹ́ kan ní Oakville fẹ́ gbé ọ́fíìsì wọn alájà mẹ́ta fún mi láti máa tún ṣe. Iṣẹ́ tí ì bá sọ mí di ọ̀gá gidi ni, tí ǹ bá fi gba èèyàn mẹ́rin. Wọ́n ní kí n ṣáà mú ìwé wá láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé ọ̀rọ̀ HST mi kò ní àbùkù. Mo ṣí kọ̀ǹpútà, mo lọ sí ojúùwé ìjọba, ó ní kí n tẹ kóòdù tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi nínú lẹ́tà. Kóòdù wo? Mo pè wọ́n lórí fóònù. Obìnrin tó gbé e ní kí n ka àdírẹ́sì mi. Mo ka ti Downsview, ó ní kì í ṣe èyí tó wà níwájú òun. Mo tún un kà sókè, bíi pé etí rẹ̀ ló dí. Ó pẹ́ kí n tó ka ti Brampton. Ó ní ó dáa, kóòdù tuntun yóò dé síbẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, bí àwọn lẹ́tà yòókù ṣe ń dé. Ìṣirò ọdún méjì, ó ní, ni n kò tíì fi ránṣẹ́, wọ́n sì ti kọ̀wé sí mi lọ́pọ̀ ìgbà. Ó wá ní kí n béèrè lọ́wọ́ àwọn ará ilé mi. 

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá, ní àárọ̀ Sátidé, mo wa ọkọ̀ lọ sí Brampton. Mo páàkì síwájú ilé Àǹtí, n kò lè sọ̀ kalẹ̀. Mo jókòó síbẹ̀, mò ń to ọ̀rọ̀ lẹ́nu, mò ń tú u ká. Àǹtí jáde láti da iyọ̀ sórí àtẹ̀gùn kí yìnyín má baà yọ èèyàn, wọ́n rí mi. Wọ́n wá kan gíláàsì ọkọ̀.

"Ṣé inú mọ́tò lo fẹ́ máa gbé ni? Wọlé, jàre."

Mo bọ́ sílẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí yìnyín tòun ti jákẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ní, "Dìde ńlẹ̀. Àwọn neighbour á pe ambulance."

Nínú ilé, wọn ò bi mí ní ìbéèrè kankan. Wọ́n lọ gbé páànù bisikíìtì ńlá kan wá, irú èyí tí àwọn ìyá wa máa ń kó abẹ́rẹ́ àti òwú sí, wọ́n gbé e ka iwájú mi. Lẹ́tà mi ló kún inú rẹ̀, wọ́n tò ó bó ṣe dé tẹ̀ léra wọn, wọ́n fi pẹ́ńsù kọ ọjọ́ tó dé sára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọn ò ṣí ẹyọ kan.

"Àǹtí, ẹ ò ṣí ìkankan?"

"Ṣebí o ní crime ni."

Wọn ò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Bí ẹni tí wọ́n fún lófin tó sì pa á mọ́ ni wọ́n ṣe sọ ọ́. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni mo ti rí lẹ́tà báǹkì ọjọ́ yẹn, èyí tí mo jù sílẹ̀. Lábẹ́ sẹ́lótéèpù gan-an, níbi tí wọ́n ti kọ ọ́ kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́, ìkọ̀wé ọwọ́ Àǹtí wà níbẹ̀: "Ó ti ya kí postman tó mú un dé." Ojú tì mí débi pé n kò lè gbé orí sókè. Mo sunkún lórí tábìlì wọn bí ọmọdé, mo bẹ̀ wọ́n títí, wọ́n sì ń gbá mi lẹ́yìn pé ó ti tán, ó ti tán.

Mo wá ṣí àwọn lẹ́tà náà níṣojú wọn. Àwọn àkọ́kọ́ ń fi pẹ̀lẹ́ rán mi létí, àwọn tó tẹ̀ lé e le díẹ̀, èyí tó kẹ́yìn kò rẹ́rìn-ín rárá. Ká ní Àǹtí ṣí ẹyọ kan péré, wọn ì bá ti wá mi rí. Kóòdù tuntun wà lókè. Orí tábìlì ìjẹun wọn ni mo ti fi ìṣirò ọdún méjèèjì ránṣẹ́, mo sì ń rí gbogbo owó olówó tí mo fi ra táyà. Bí nọ́ńbà ìjẹ́rìí pé ìṣirò ti wọlé ṣe ń jáde, Àǹtí fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sẹ́yìn àpòòwé. Iṣẹ́ Oakville bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, torí ìwé náà kò lè jáde kí n tó san gbèsè, ó sì pẹ́ kí n tó san án tán.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ báyìí. Nígbà tí mo fẹ́ yí àdírẹ́sì ilé-iṣẹ́ mi padà, Àǹtí béèrè pé kí ni tiwọn ṣe, mo bá fi í sílẹ̀. Bí lẹ́tà ìjọba bá dé, wọ́n á pè mí: "Lẹ́tà ẹ ti dé o." Mo máa ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ṣí i, kí wọ́n kà á sí mi létí lórí fóònù. Mo ti bẹ̀ wọ́n nígbà tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, mo ti bẹ̀ wọ́n nígbà tí ara wọn kò yá. Wọ́n ti dárí jì mí, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀; ọbẹ̀ wọn kì í tán nínú fìríìjì mi. Àmọ́ wọn kò ṣí lẹ́tà mi rí. Wọ́n á ní kí n máa bọ̀, mo máa ń wa ọkọ̀ lọ sí Brampton, màá sì bá a nínú páànù bisikíìtì, bó ṣe dé gẹ́lẹ́.